Láti orí òkè Kíríjì dé inú odó iyán: àkọsílẹ̀ nípa aṣegéèmù kan ní Ìkéré-Èkìtì

Bí wọ́n bá ń ròyìn ọmọ Ìkéré yìí níbi tí àwa aṣegéèmù bá ti pàdé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Kò sú u. Ó forí tì í." Mo máa ń dákẹ́ ni. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti ọdún 2018, tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ṣòfò, mo mọ̀ pé ìforítì yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ géèmù rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa wá wo màmá òun bí ẹni wá wo eégún.

Màmá rẹ̀ ń ta iyán lẹ́bàá títì tó lọ sí Adó. Lẹ́yìn búkà náà ni yàrá kan wà tí wọ́n ń kó iṣu sí. Nígbà tí ọmọ parí ilé ìwé gíga tí kò ríṣẹ́, ó kó iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ọ́fíìsì òun nìyẹn. Láàpútọ́ọ̀pù àlòkù kan ló ní, RAM rẹ̀ ò ju 4 GB lọ. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà, kọ̀ǹpútà ló kọjú sí, kì í ṣe olówó rẹ̀.

Ogun Kíríjì ló fẹ́ fi ṣe géèmù. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì ò ní béèrè ìdí. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí Èkìtìparapọ̀ kojú Ìbàdàn, tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ará Iléṣà kó ogun lẹ́yìn. Tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, síbẹ̀ tí ibùdó ogun ò tú tán títí di 1893. Orúkọ ogun náà pàápàá, ìró ìbọn láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fẹ́ kí ènìyàn lè rìn káàkiri gbogbo òkè wọ̀nyẹn, kó gun ẹṣin, kó kó ogun jọ, kó bá àwọn balógun sọ̀rọ̀. Irú géèmù tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ń pawọ́ pọ̀ ṣe fún ọdún mẹ́rin márùn-ún lókè òkun, òun nìkan fẹ́ ṣe é nínú yàrá iṣu.

Mo sọ fún un pé ó tóbi jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́, mo sì rọra sọ ọ́, torí ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń ṣàlàyé. Mo gbà pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko. Mo rí ohun tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Òkè kan wà tí koríko bò, ó dára, mi ò purọ́. Fábùnmi wà, ó ní irùngbọ̀n, kò ní ọwọ́ láti ìgúnpá sísàlẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ṣòro yà. Ẹṣin kan wà tó jẹ́ pé bí o bá darí rẹ̀ sósì, ẹ̀yìn ló máa ń rìn. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méje lórí ẹṣin náà. Kò sí ogun kankan nínú géèmù ogun. Kò sì sí ẹlòmíràn tó tíì fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà wá gbìyànjú rẹ̀ wò, èsì rẹ̀ ò yí padà rí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dára ná."

Lọ́dún yẹn kan náà, lásìkò òjò, iná lọ lóru. Nígbà tó dé, ó fi agbára dé, ó sì bá láàpútọ́ọ̀pù nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. A jọ gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Adó. Ó tú u, ó yọ dísíìkì rẹ̀, ó gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ aago, ó wá gbé e sí etí èmi náà. Ó ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Oníṣẹ́ ní, "Ẹ gbọ́ ọ? Kò ríbi kà mọ́." Ẹ̀dà kejì dà? Ẹ̀dà kan wà lórí fíláàṣì, àbúrò rẹ̀ ti pa á rẹ́ kó lè rí àyè kó fíìmù sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè korò. Bí dísíìkì yẹn ò bá kú, mo gbà pé títí dòní ni ì bá máa tún ẹṣin ṣe. Ìfaradà ni gbogbo wa ń pè é nígbà náà. Agídí ni, torí kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tó lè sọ fún un pé ó ń ṣìnà. Ẹni tí kò fi iṣẹ́ han ẹnikẹ́ni, ta ni yóò sọ fún un?

Oṣù mélòó kan ni kò fi dárúkọ géèmù sí mi létí. Nígbà tó máa padà, ó ní nǹkan kékeré lòun fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí: ayò ọlọ́pọ́n. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ó pa ètò ìṣegéèmù ńlá tó ń lò tẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tì, ó bọ́ sí òmíràn tó ń jẹ́ Godot, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kóòdù inú rẹ̀ wà ní gbangba, tí kò sì tó 100 MB láti gbà wálẹ̀ nígbà náà. Láàpútọ́ọ̀pù mìíràn tí àwọn àbúrò màmá rẹ̀ dáwó rà, àlòkù lòun náà, kò gbóná lórí rẹ̀ rárá. Oṣù márùn-ún ni géèmù náà gbà, ó sì parí. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pe ara wa ní aṣegéèmù, a ò tíì parí nǹkan kan rí.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ló wá dí i lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Google ń gba 25 dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé géèmù sí Play Store. Ọdún 2022 la wà, ọ̀pọ̀ báńkì sì ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Dọ́là márùn-ún péré ló kù. Ó ní owó náírà rẹ̀ lọ́wọ́, ó pé, ó tilẹ̀ lé. Káàdì ò gbà. Ìbátan rẹ̀ kan ní ìlú òyìnbó ló bá a san án nígbẹ̀yìn, oṣù kan àti ààbọ̀ sì ti lọ.

Géèmù ayò náà jáde, kò lọ síbì kan. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ la gbà á sórí fóònù, àwa la fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, àwa náà la pa á rẹ́ nígbà tí fóònù kún. Ó kọ́kọ́ ní àìpolówó ló fà á. Èmi rò pé ìdí méjì ló wà. Èkínní, àwọn tó mọ ayò ta kì í ṣe àwọn tó ń wá géèmù lórí fóònù, àwọn tó sì ń wá géèmù lórí fóònù ò mọ ayò ta, kò sì sí ibi kankan nínú géèmù náà tí wọ́n ti ń kọ́ni. Ìdí kejì, bàbá àgbàlagbà kan ló là mí lójú sí i.

Mo ti rọ̀ ọ́ títí tó fi gbé fóònù lọ sábẹ́ igi kan níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́. Bàbá náà gba fóònù, ó fi ìka kan tẹ ilé kan, ó ń wo bí ọmọ ayò ṣe ń fò lọ láìdún. Ó tún tẹ òmíràn. Ó wá dá fóònù padà. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kò dún. Ayò tí kò dún, báwo lẹni tí mò ń nà ṣe fẹ́ mọ̀ pé mò ń nà án?"

Inú bí ọmọ Ìkéré lọ́jọ́ náà. Ó ní bàbá ò mọ ẹ̀rọ lò. Ó ju ọdún kan lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí jálá rẹ̀ ò tó 200 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́ lóru ò ṣeé tan mọ́. Ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó gbé agboòrùn síwájú búkà màmá rẹ̀, ó di oní-POS. Oṣù méje ni kò kọ kóòdù kankan. Apá yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé kò dúró rí. Ó dúró. Ó sú u pátápátá, ó sì jẹun dáadáa, ó sùn dáadáa, ìrísí rẹ̀ dára ju bó ṣe wà láyé Kíríjì lọ.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà lọ̀rọ̀ yí padà. Àsìkò Kérésì, àwọn ará ìlú ti ń ti Èkó àti Abùjá wálé, búkà kún dé ìta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS ò sì wá. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló máa ń gúnyán fún màmá. Ọ̀kan nínú wọn ò wá. Màmá pè é kúrò lábẹ́ agboòrùn.

Ẹni tó bá ti gúnyán ẹlẹ́ni mẹ́ta rí mọ̀ pé kì í ṣe agbára ló ṣòro níbẹ̀. Odó kan, ọmọ odó mẹ́ta. Bí tèmi bá ń lọ sókè, tìrẹ ń bọ̀ nílẹ̀, ti ẹnì kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Àyè tí o ní láti wọlé kò ju ìṣẹ́jú ààyá kan lọ. Bí o bá ṣiyèméjì, ọmọ odó yóò kọlu ọmọ odó, ọwọ́ yóò ta ọ́ dé èjìká. Ọmọ wa kọlu tiwọn lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọbìnrin náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá tó ń bu ọbẹ̀ lọ́hùn-ún ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Má fojú wá àyè. Etí ni o ó fi wọlé."

Ó dijú. Ó wọlé.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ló pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí bàbá aláyò yẹn? Òótọ́ ló sọ." Lọ́jọ́ kejì ó ti fi fóònù gba ìró odó sílẹ̀: iṣu tó ṣì le, tó ń dún gbà-gbà, iṣu tó ti ń fọ́, iyán tó ti ń fà, tí ìró rẹ̀ ti di bùm-bùm, kókó tí ọmọ odó bá pàdé, tó máa ń dún yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ohun kan wà lórí fóònù. Odó kan, ọmọ odó mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń darí méjì, ìwọ ń darí ẹ̀kẹta. Kò sí òkè, kò sí ẹṣin. Mo wò ó lọ́wọ́: kò gé e sí kékeré nítorí ìmọ̀ràn mi. Ohun tó rí lójú ara rẹ̀ ló kéré.

Búkà di ibi ìdánwò. Ẹni tó ń dúró de oúnjẹ kì í kọ fóònù tí wọ́n bá fún un. Lọ́jọ́ kìíní, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ṣàlàyé: ẹ tẹ ibí, ẹ má tẹ tọ̀hún, rárá, ẹ dúró ná. Mo fà á sẹ́yìn. Mo ní, "Ṣé o máa bá gbogbo ẹni tó bá gbà á lórí Play Store délé ni? Gbé e fún wọn, kí o pa ẹnu rẹ dé." Ó ra ìwé àjákọ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ìwé yẹn ṣì wà. Awakọ̀ Ìkéré sí Adó kan ń tẹ inú odó dípò ọmọ odó: ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣe é kó jẹ́ pé ibikíbi tí ènìyàn bá tẹ̀ lójú fóònù, yóò ṣiṣẹ́. Ìyá kan rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí ọmọ odó méjì kọlu ara wọn. Ohun tí ọmọ Ìkéré ti ṣètò ni pé kí géèmù parí níbẹ̀, kí ó kọ "O kùnà". Ó yọ ọ́. Ní báyìí, bí o bá kọlù wọ́n, wàá gbọ́ òṣé màmá, iyán yóò sì ní kókó kan sí i. Òṣé màmá rẹ̀ gan-an ni. Ó sọ fún mi pé òṣé yẹn ló rọrùn jù lọ láti gbà sílẹ̀ nínú gbogbo ìró inú géèmù náà.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dúró díẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà lẹ́ẹ̀kẹta. Lórí fóònù tirẹ̀, géèmù náà dùn. Lórí àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníbàárà màmá ń lò, gbogbo ènìyàn ló ń pàdánù. Ó kọ́kọ́ rò pé wọn ò létí ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí Android, pàápàá èyí tí kò lówó lórí, àlàfo wà láàárín ìgbà tí géèmù ní kí ìró dún àti ìgbà tí ìró náà jáde létí. Nínú géèmù eléré sísá, o ò ní mọ̀. Nínú èyí tó jẹ́ pé etí lèèyàn fi ń wọlé, àlàfo tó tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú ààyá ti bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀, fóònù kan yàtọ̀ sí òmíràn, kò sí iye kan tó lè kọ sínú kóòdù tí yóò bá gbogbo wọn mu.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ojú ewé kan fún ìtúnṣe àlàfo, wọ́n á ní kí ènìyàn yí nọ́ńbà sókè sódò. Ìyá oníyán wo ló fẹ́ yí nọ́ńbà? Ó fi ọgbọ́n ṣe é. Kí iṣu tó jinná, màmá inú géèmù náà á máa fi ṣíbí lu etí ìkòkò, kó, kó, kó, yóò ní kí o bá òun lù ú. Wàá rò pé eré ni. Bí o ṣe ń lù ú, géèmù ń wọn bí ọwọ́ rẹ ṣe ń pẹ́ sí ìró tó, yóò ju èyí tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù nù, yóò mú agbedeméjì ìyókù, yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìdájọ́ tó bá ń ṣe lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, ìkòkò yẹn ni iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú géèmù náà, ẹni tó ń ta á ò sì lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Géèmù jáde láàárín ọdún 2024. Àkáǹtì tó ti ṣí nígbà ayò ló lò, ìyẹn sì gbà á lọ́wọ́ wàhálà kan, nítorí àkáǹtì aládàáni tí ènìyàn bá ṣí lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Google ní kó kọ́kọ́ wá ènìyàn 20 tí yóò dán an wò fún ọjọ́ 14 gbáko. Wọ́n ti dín iye ènìyàn náà kù sí 12 ní òpin ọdún 2024. Ó ku díẹ̀ kó fi ìpolówó sáàárín iyán gígún. Màmá rẹ̀ ló kọ̀: "Ta ló ń dá ẹni tó ń gúnyán dúró kó lè polówó ọjà tirẹ̀?" Ìpolówó wá di ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń yàn láti wò, bí kókó bá pọ̀ jù tó fẹ́ kí wọ́n bá òun yọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú géèmù, èdè Èkìtì ló fi kọ ọ́: uyán, uṣu, ulé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn kan fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ní kò mọ Yorùbá kọ. Ó ti fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ padà lóru ọjọ́ kan, mo ní kó sùn ná. Nígbà tó fi máa jí, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà nílẹ̀ òkèèrè ti wá jà fún un lábẹ́ ìràwọ̀ kan yẹn, ìjà náà sì di ìpolówó tí kò sanwó fún. Ó fi bọ́tìnì kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ iyán dípò uyán. Àwọn tó jà fún un yẹn náà ló ra èyí tó gbé sí itch.io, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta géèmù, fún kọ̀ǹpútà, níbi tí olùrà ti lè san ju iye tí wọ́n dá lé e lọ. Láti inú owó yẹn ló ti san 100 dọ́là tí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà lórí ayélujára, ń gbà lórí géèmù kọ̀ọ̀kan.

Kò di olówó. Mo kọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè. Nígbà tí náírà wálẹ̀ lọ́dún 2023 tó sì tún wálẹ̀ sí i lọ́dún 2024, dọ́là díẹ̀ tó ń wọlé fún un di náírà tó nítumọ̀ ní Ìkéré. Ẹni tó bá yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn rẹ̀ ń tanni jẹ. Ó ra páńẹ́lì sólà àti bátìrì. Ó san owó fún àwọn ọmọbìnrin tí ó gba ìró odó wọn sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ agboòrùn POS.

Nígbà tí mo bá ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ, mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìforítì. Mo máa ń bi wọ́n pé: ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí ẹni tí kò mọ̀ yín fọwọ́ kàn án? Ní Kíríjì, ọdún mẹ́ta, kò sì ṣẹlẹ̀. Ní ayò, lẹ́yìn tó ti parí tán. Ní iyán, ọjọ́ kẹwàá. Iye agbára tó lò kò yí padà, èmi ni mo rí i. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ibi tí ẹ̀dà kejì iṣẹ́ wọn wà, mo sì máa ń ní kí wọ́n fi hàn mí, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yá fóònù tó burú jù lọ nínú ilé wọn.

Mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo bá iṣu nínú yàrá náà síbẹ̀. Ó ní òun ti padà sórí Kíríjì. Àyà mi já. Kí n tó lanu, ó gbé fóònù sí mi lọ́wọ́: òkùnkùn, òkè méjì, ìró ìbọn kan láti apá ọ̀tún. Mo béèrè pé kí ni kí n tẹ̀. Kò dáhùn. Mo tẹ ibi tí kò yẹ. Ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ nǹkan kan sí i, ó tún ń wo ọwọ́ mi.